Ẹ̀yin Tí Ẹrù Oníbàárà Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Yín

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ fún mi létí. Láti ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú títún Windows 10 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí ìsọ̀ lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà bí wọ́n ṣe máa ń ṣí i, wọ́n fa jẹnẹrétọ̀, wọ́n tan kọ̀ǹpútà, ó sì tàn. Ẹni tó fẹ́ tẹ lẹ́tà tẹ̀ ẹ́, ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì ṣe é, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nítorí pé nǹkan kan ò bú gbàù, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ tẹnu mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kò mọ̀. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní ihò lára. Lóṣooṣù ni àwọn tó ṣe Windows ń rí ihò tuntun, wọn á dí i, wọn á sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe é mọ́, kọ̀ǹpútà yẹn ò kú. Ó kàn dà bí àdúgbò tí ọdẹ rẹ̀ ti gba ilé lọ: ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, àwọn èèyàn ń sùn bí wọ́n ṣe ń sùn, àmọ́ àwọn olè ti gbọ́. Èyí tó tún wá burú ni pé àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe fún Windows 11 ni olè máa yẹ̀ wò fínnífínní láti fi mọ ibi tí ihò wà lára Windows 10, torí pé inú àwọn méjèèjì jọra gan-an.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Windows XP tó jáde lọ́dún 2001, ọjọ́ 8, oṣù Kẹrin, 2014 ni wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Windows 7 tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, 2020. Ìgbà méjèèjì la ṣe bí ẹni pé àwọn aládùúgbò là ń bá wí. Kò tíì pẹ́ tí mo rí Windows 7 lórí tábìlì ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, tí wọ́n ń fi orúkọ àwọn aráàlú sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, máa ń fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ojo ni wá. Wọ́n ní Linux, ètò tó lè rọ́pò Windows, wà ńlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí a ò gbé e? Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa Linux. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991, kò sì fi owó lé e lórí. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, jáde lọ́dún 2004, ó tilẹ̀ fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bèèrè. Àmọ́ irọ́ ni wọ́n pa mọ́ wa. Ẹni tó ní òun ò ní kúrò lójú kan ní ìdí tirẹ̀, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ tán ká tó bá a wí.

Ẹ wo obìnrin tó ń tẹ project fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Oǹdó, nítòsí Adeyemi, iléèwé àwọn olùkọ́ tó ti di yunifásítì ìjọba àpapọ̀ báyìí. Word ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kí àwọn ewé ìṣáájú jẹ́ i, ii, iii, kí orí kìíní bẹ̀rẹ̀ lójú ewé 1, kí lẹ́tà jẹ́ Times New Roman, kó jẹ́ 12, kí àlàfo ìlà jẹ́ ìlọ́po méjì. Gbogbo èyí ti wọ ìka obìnrin náà. Ó ń ṣe é bó ṣe ń bá oníbàárà mìíràn ná owó, tó tún ń pariwo sí ọmọ rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan wáyà. Ẹ wá gbé fáìlì yẹn sínú LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò dípò Word. Ó máa ṣí. Ṣùgbọ́n àwọn àtẹ inú rẹ̀ lè sún, ohun tó wà lójú ewé 63 lè bọ́ sí ewé 65, kí àkójọ ewé tó wà níwájú sì di irọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó di aago méjìlá ò ní dúró kí wọ́n máa ṣàlàyé fún un pé ètò ọ̀fẹ́ dára.

Àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti pósítà òkú ńkọ́? CorelDRAW ni wọ́n mọ̀, kò sì sí CorelDRAW òde òní tó wà fún Linux. Pósítà ìsìnkú tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá, ẹbí olóògbé á padà wá nítorí ìrántí ọdún kan, wọ́n á ní fọ́tò yẹn náà ni, àwọ̀ yẹn náà ni, kí wọ́n kàn yí ọjọ́ padà. Tí fáìlì ò bá ṣí, iṣẹ́ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di iṣẹ́ òru mọ́jú. Inkscape, ètò àwòrán ọ̀fẹ́, lè ṣí díẹ̀ nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò dájú pé ó máa ṣí i bó ṣe wà. Ẹ tún bi ọmọkùnrin tó ń gbé orin sójú ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì. EasyWorship ló ń lò, orí Windows nìkan nìyẹn sì ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tí orin ìyìn ò bá jáde, gbogbo ìjọ ló máa yíjú sẹ́yìn wo ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, pásítọ̀ náà á sì wò ó.

Àwa tí à ń tẹ Yorùbá náà ní tiwa. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ti tẹ̀ tipẹ́, inú fọ́ǹtì kan ṣoṣo ni àmì ohùn àti ẹ̀sẹ̀ lẹ́tà wà, kì í ṣe lára lẹ́tà gan-an. Tí ẹ bá gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, ọ̀rọ̀ ìyá yín á di àmì dọ́là àti àmì ìyanu.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná. BEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, lè mú iná lọ nígbà tí àtúnṣe bá dé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ojú ẹ̀rọ sì ń kìlọ̀ pé ẹ má pa á. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ta ló fẹ́ bá a ṣàdéhùn? Dátà náà sì ti gbówó lórí láti oṣù Kìn-ín-ní 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ti fàyè gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láti fi tó ìdá 50 kún owó wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà Windows tuntun kan lè jẹ gígábáìtì tó pọ̀. Ẹni tó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni Linux, owó ètò nìkan ló kà. Kò ka ọjọ́ tí ìsọ̀ máa fi wà ní títì, kò ka printa tó lè kọ̀ láti dáhùn, kò sì ka oníbàárà tó máa sọdá sí ìsọ̀ kejì tí kò ní padà wá mọ́.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àwọn èèyàn wa ò fẹ́ nǹkan tuntun. Àwa la fi Nokia sílẹ̀ lọ sídìí BlackBerry. Àwa la fi BlackBerry sílẹ̀ bọ́ sórí Android, débi pé nígbà tí BlackBerry ti ìlẹ̀kùn lé àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ lọ́jọ́ 4, oṣù Kìn-ín-ní, 2022, àwọn ọmọ wa ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni ń bèèrè PIN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Orí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé. Ìyá alátà tó wà ní Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ ti ń lo Linux láti ìgbà tó ti ra fóònù Android, ẹnìkan ò kàn dárúkọ rẹ̀ fún un ni. Kí ló dé tí ti fóònù fi rọrùn? Ẹni tó tà á ló bá wa kó nọ́ńbà sínú rẹ̀. Ọmọ tó wà nílé ló fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, gbogbo wa la jọ lọ: àǹtí wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọjà wà níbẹ̀, ìjọ wà níbẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí obìnrin Oǹdó yẹn dá nìkan lọ, kó sì máa ti ibẹ̀ fi fáìlì ránṣẹ́ sáwọn tí kò kúrò lójú kan. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Nàìjíríà tilẹ̀ ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ Mandriva láti ilẹ̀ Faransé kéde pé Nàìjíríà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 fáwọn ọmọ iléèwé wa, èyí tí Intel ṣe, àti pé Linux tàwọn ló máa wà lórí wọn. Kò pẹ́ tí ariwo fi ta. Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ rà á máa san owó Mandriva o, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò, wọ́n á fi Windows rọ́pò rẹ̀. Lópin oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó ń bi í léèrè ohun tó ṣe fáwọn oníbàárà òun. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé USPF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún 11,000 nínú wọn, ní Mandriva làwọn ṣì fẹ́. Ilé iṣẹ́ méjì láti òkè òkun ló ń fa kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ohùn olùkọ́ tó máa fi kọ́ ọmọ, a ò gbọ́ ọ nínú gbogbo ìjà náà. Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni: ìlú Munich ní Jámánì pinnu lọ́dún 2003 láti gbé ọ́fíìsì wọn lọ sórí Linux, wọ́n sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lọ, àmọ́ ní 2017 ìgbìmọ̀ ìlú náà tún dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows.

Títí dé ibí yìí, mo ń gbè yín lẹ́sẹ̀ ni. Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín wí ló kù.

Ẹ ṣí fódà Downloads lórí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ìsọ̀ yín. Ẹ wò ó dáadáa. Ìwé NIN obìnrin kan wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere. Ìwé ẹ̀rí WAEC wà níbẹ̀. Rìsíìtì ilẹ̀ ẹnìkan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù àwọn ọmọ onílẹ̀. Àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá físà wà níbẹ̀, àti lẹ́tà tí ọkọ kan ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ sí lọ́yà rẹ̀. Wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gba owó yín, oníbàárà bá tirẹ̀ lọ. Fáìlì ò bá a lọ. Nígbà mìíràn WhatsApp oníbàárà gan-an ṣì wà ní ṣíṣí lójú ẹ̀rọ yín lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀.

Lórí ẹ̀rọ tí gbogbo èyí wà ni ọmọkùnrin kan á wá ki fláàṣì tí ètò jíjí wà nínú rẹ̀ bọ̀ ọ́ nítorí pé Windows ń bèèrè àṣẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú àwọn ètò jíjí yẹn máa ń ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ pa Defender, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú Windows gan-an. Ẹ pa ẹ̀ṣọ́ tán, ẹ wá ní kí àlejò tí ẹ ò mọ̀ wọlé, kó sì ní gbogbo àṣẹ. Àjọ BSA tó ń ṣojú àwọn ilé iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà sọ pé lọ́dún 2011, ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ètò tí wọ́n gbé sórí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ni kò ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò lówó, mo mọ ìnira rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ gbé Linux ọ̀fẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, tó wá gba ètò jíjí lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò láìbẹ̀rù, ẹ̀rù onítọ̀hún ti ṣìnà.

Lọ́jọ́ 12, oṣù Kárùn-ún, 2017, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry ya wọ kọ̀ǹpútà tó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti fáìlì pa, ó ní kí wọ́n sanwó kí òun tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú nítorí rẹ̀. Microsoft sì ti fi àtúnṣe ihò yẹn síta láti ọjọ́ 14, oṣù Kẹta ọdún náà, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú. Àwọn tí kò gbà á, tàbí tí ẹ̀rọ wọn ti dàgbà jù láti gbà á, ni ó bá.

Ohun tí mo ń sọ nìyí. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò ọjọ́ ìbí ẹ̀yin fúnra yín nìkan ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹ jókòó sórí Windows 10 títí ayé, ọ̀rọ̀ yín ni. Àmọ́ ẹrù ẹlòmíràn lẹ gbà tọ́jú. Láti oṣù Kẹfà 2023 ni òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà, ó sì sọ pé ẹni tó bá gba ìsọfúnni ọmọnìkejì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Ìbẹ̀rù pé printa lè má dáhùn jẹ́ ìbẹ̀rù tó tọ́. Kò tọ́ kí a fi NIN obìnrin tí kò mọ nǹkan kan san án.

Ẹ̀yin ọmọ tí a ń pè ní injinnía, ọ̀rọ̀ kàn yín. Mo ti gbọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí léraléra. Ọmọ náà á bèèrè pé, "Màámi, ṣé ẹ ní nǹkan kan nínú C?" Ìyá á ní, "Rárá o, orí Desktop ni gbogbo nǹkan mi wà." Ọmọ á fọ́ọ̀màtì C, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì pa rẹ́. Desktop, inú C ló wà! Documents náà, inú C ló wà. Ìyá ò mọ̀, kò sì yẹ kó mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ṣí i wò fúnra yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó bá ti pàdánù ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọdún márùn-ún lọ́nà yìí, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ Linux létí rẹ̀ di alẹ́, kò ní gbọ́. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Púpọ̀ nínú ìbẹ̀rù tí ẹ fi ń ṣẹ̀sín, ẹ̀yin lẹ gbìn ín.

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, kí ló dé tó fi jẹ́ pé Word lẹ máa ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣáá? Ẹ gba PDF nígbà tó bá jẹ́ kíkà nìkan lẹ fẹ́ kà á. Bí PDF ṣe rí níbí náà ló máa rí lọ́hùn-ún, ìdajì ìdè tó wà lọ́rùn àwọn tó ń tẹ̀wé á já. SITA, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ wa, ẹ bá wa ka iye ẹ̀rọ tó wà láwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká tó ṣì wà lórí Windows tí Microsoft ti kọ̀ sílẹ̀. Ẹ ò ní láti kọ́kọ́ ra tuntun. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye rẹ̀ ná.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má kánjú, ẹ má sì sùn. Háàdì dísìkì ìta kan ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ kó gbogbo fáìlì sínú rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, kí ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ pa ti oníbàárà tó ti lọ rẹ́. Tí ẹ̀rọ yín bá ní TPM 2.0, ìyẹn ohun èlò ààbò kan nínú rẹ̀, tí Intel rẹ̀ sì jẹ́ ìran kẹjọ sókè, ó ṣeé ṣe kó gba Windows 11, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ọ̀pọ̀ HP tòkunbọ̀ tí à ń rà, ìran kẹrin tàbí ìkẹfà ni, wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Fún irú wọn, Microsoft fi ọdún kan kún un títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, 2026 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ níbi Windows Update, kò sì pọn dandan kó jẹ́ owó lẹ máa san. Ọdún yẹn kì í ṣe ti oorun. Ẹ fi LibreOffice sórí Windows tí ẹ ní nísinsìnyí, kí ẹ máa fi tẹ lẹ́tà kéékèèké títí tí ìka á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí ọmọ FUTA kan fi Linux Mint, ẹ̀yà Linux kan, sórí fláàṣì fún yín, kí ẹ ti orí fláàṣì yẹn tan ẹ̀rọ, kí ẹ so ó mọ́ printa, kí ẹ wò ó bóyá ó máa tẹ̀. Tí ẹ bá yọ fláàṣì, Windows yín wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Tí CorelDRAW bá jẹ́ ohun tí ẹ fi ń jẹun, ẹ̀rọ kan lè wà fún un tí kò ní fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, kí òmíràn máa gba WhatsApp oníbàárà.

Ẹ ṣe é lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní ìsinmi, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gba project. Ẹ̀yin ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ Ajé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè ní ọjọ́ mẹ́fà gbáko láti fi wá ibi tí orin wọlé sí.